Àwọn Igi Tí Mo Bó Èèpo Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọn yóò wá ṣílẹ̀kùn mú mi. Síbẹ̀, kì í ṣe ẹkún ni mo fẹ́ sun sí yín létí. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá, torí wọ́n ṣe mí lóore tí irú mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí.

Ọmọ Ìgbẹ̀ìn ni mí, nílùú Abẹ́òkúta. Aṣọ ni wọ́n ń tà nílé wa, ṣùgbọ́n ìjókòó sójú kan ò bá mi lára mu, ni mo bá lọ ń sun èédú ní abúlé kan lẹ́yìn Owódé. Igbó kan yí ojú omi abúlé náà ká. Òfin igbó yìí ò le: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi tútù, àfi èyí tó bá kú fúnra rẹ̀. Bàbá Láṣísì, olùṣọ́ igbó náà, ló ń yẹ igi wò. Tó bá rí i pé ó ti kú lóòótọ́, á fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, a ó sì gé e.

Ọ̀gá kan ní Adìgbẹ ló ń ra èédú lọ́wọ́ wa, tó ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Lọ́jọ́ kan ó fìbínú dé.

"Igi líle làwọn oníbàárà mi fẹ́ fi yan ẹran. Igi apá ni kẹ́ ẹ sun fún mi!"

Mo ní, "Ọ̀gá, apá tó ti kú ti tán nínú igbó."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ò wá lè ran òmíràn lọ́wọ́ kó kú ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Mo wa ilẹ̀ ìdí igi apá kan, mo bó èèpo rẹ̀ yípo, mo sì fi iyẹ̀pẹ̀ bo ojú ọgbẹ́ náà. Nígbà tó yá, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù. Bàbá Láṣísì dé ìdí rẹ̀, ó mirí.

"Ó mà ṣe o! Kí ló pa igi dáadáa yìí?"

Mo bá a kẹ́dùn. Ojú ń tì mí bí mo ti ń sọ ọ́, mo bá a kẹ́dùn! Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo bó òmíràn, mo tún bó òmíràn, títí kan àwọn tó wà létí ọ̀nà omi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá ká mi mọ́ ìdí igi, tèmi tọ̀bẹ.

"Háà! Ìwọ lò ń pa wọ́n?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bò mí láṣìírí."

"Tí igi yìí bá wó lu ọmọ tó ń pọnmi ńkọ́? Mò ń lọ pe àwọn àgbà."

Ó yíjú padà. Àáké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò ní purọ́ mọ́ èṣù: èmi ni mo gbé e, èmi ni mo fi ṣá àgbàlagbà tó kẹ̀yìn sí mi. Nígbà tí wọ́n ń kírun sí òkú rẹ̀ lára, mo wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó ń kírun.

Ọlọ́pàá kó gbogbo àwa tá à ń sun èédú. Lọ́yà tí wọ́n gbà fún mi sọ fún mi pé, "Pa ẹnu ẹ mọ́. Kò sẹ́ni tó rí ọ. Wàá lọlé."

Mo ń retí ilé nígbà tí ìyàwó olóògbé, Ìyá Láṣísì, wá bá mi lẹ́wọ̀n.

"Ẹ kú àtijọ́, Ìyá," mo ní, mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Mo ti bi àwọn tó kù, ó ku ìwọ. Igi apá kan wó lánàá láìsí atẹ́gùn, díẹ̀ ló kù kó pa ọmọ-ọmọ mi. Wọ́n ti bó ìdí rẹ̀. Mi ò bèèrè ọkọ mi lọ́wọ́ ẹ. Ṣé o mọ àwọn igi tó kù?"

Tí mo bá dáhùn, wọn yóò mọ̀ pé èmi ni mo pa Bàbá, mo sì ti so okùn mọ́ ara mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé àwọn ọmọdé á gbé kèrègbè gba abẹ́ igi wọ̀nyẹn lọ́la. Mo bá sunkún, mo sì júwe wọn fún un, níkọ̀ọ̀kan. Lọ́yà mi bínú títí.

Wọ́n gé àwọn tó ti kú kí wọ́n tó wó. Àwọn tí mi ò tíì bó yípo, Ìyá ní wọ́n ti ń rúwé. Ó máa ń wá bẹ̀ mí wò, á gbé oúnjẹ wá nígbà ààwẹ̀, á sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Jẹun, ìwọ oníwàhálà yìí." Mo ti pa ọkọ rẹ̀, ó ń fún mi lóúnjẹ. Ọlọ́run, mo dúpẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kẹ́ ẹ tó ra èédú, ẹ bèèrè irú igi tí wọ́n sun. Kẹ́ ẹ tó tà á, ẹ bi ara yín. Bí ẹsẹ̀ yín bá sì ti wọ̀ ọ́, ẹ sọ ọ́ lónìí, nígbà tó ṣì ku ẹni tẹ́ ẹ lè gbà là. Èmi pẹ́ kí n tó sọ ọ́. Bàbá Láṣísì ti lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá sọ fún mi pé láàárọ̀ yìí, àwọn ọmọ abúlé náà lọ pọnmi, wọ́n sì bọ̀, gbogbo wọn pé.