Ọmọkùnrin Tí Ìyá Ń Tọrọ
Nínú takisí tó gbé wa kúrò ní Farin Gada ni ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Màámi, nínú àbùdá tí bàbá ń fún ọmọkùnrin nìkan, dókítà ní apá tó ń mú kí ọkùnrin ní àtọ̀ tó ti já nínú tèmi. Ìyẹn ni mi ò ṣe tíì bímọ."

"Haba. Bàbá rẹ bí mẹ́jọ. Àbí ò ń bi mí pé ta ló bí ọ ni?"

"Rárá, Màámi. Ó ní ara tèmi ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gbé àtọ̀ mi sínú ẹyin ìyàwó mi kó lè lóyún, ṣùgbọ́n tí ọmọ náà bá jẹ́ ọkùnrin, ó máa jogún àléébù yìí. Obìnrin ò ní jogún rẹ̀."

Mo ti kà nípa rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo fẹ́ dá sí i kí ìyá tó sọ pé:

"Ọmọkùnrin ni mo ń tọrọ fún yín láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ṣé kí n má tọrọ mọ́ ni?"

"Màámi, èmi gan-an ò mọ èyí tí mò ń tọrọ."