Àbẹ̀ní Ń Gbé Omi Bọ̀

Ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè fún Ọlọ́run tí kì í sùn! Ẹ tún gbé e! Ọlọ́run tó fún mi ní Àbẹ̀ní, tó tún wá fún Àbẹ̀ní ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ìwọ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ lónìí. Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lu aago fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀rí kì í gùn, àmọ́ inú ń bí mi, mi ò sì ní dúró níwájú pẹpẹ kí n máa rẹ́rìn-ín èké. Mò ń dúpẹ́, inú sì ń bí mi. Méjèèjì ni mo gbé wá.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí, èmi ìyá Àbẹ̀ní tó ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà Adakplamẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọmọ mẹ́ta ni mo sin kí Àbẹ̀ní tó dé. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kí n má jẹ́ kí ọmọ yìí fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mo gbọ́. Mo fi ọ̀já dì í mọ́ ẹ̀yìn. Ó pé ọdún mẹ́ta, ẹ̀yìn ló wà. Ó pé márùn-ún, ẹ̀yìn ló wà. Bí ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń pọn omi ní pọ́ǹpù, orí ẹní ni tèmi jókòó sí. Èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, èmi ni mò ń de bọ́tìnnì fún un. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ rí. Bó bá ṣubú, kó tó lanu sunkún ni mo ti gbé e. Mo sọ pé ìfẹ́ ni, ẹ̀yin náà sọ pé ìfẹ́ ni.

Ló bá dé ilé-ìwé. Yéè! Ọmọ ọdún méje, ó ń ṣe kíláàsì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò lè di bíìkì ìkọ̀wé mú! Bó bá mú un, á já bọ́. Bó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ kàyé, ìwé á fà ya. Kò lè fò lórí ẹsẹ̀ kan. Àwọn ọmọ ń sáré, ó fẹ́ bá wọn sáré, ó di gbì! Wọ́n wá sọ ọ́ ní Àkàsà, nítorí pé ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Dìrẹ́tọ̀ ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí. Ó ní bó bá di ọdún Àjíǹde tí kò bá lè kọ orúkọ ara ẹ̀, kí n wá mú un, kó máa bọ̀ wá jókòó tì mí nídìí gàrí. Ọmọ tí mo sin mẹ́ta kí n tó rí! Ẹkún ni mo sun délé.

Ibí yìí ni mo sá wá. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, kí lẹ sọ fún mi? Màmá Àdúrà, ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ ní wọ́n ti di ọmọ náà lọ́wọ́. Ẹ ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, pé ará ilé ni, obìnrin kan tó dúdú, tó ga díẹ̀. Nínú ilé wa, ta ló dúdú tó ga bí kò ṣe Tàǹtí Rébékà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi? Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi kí i. Ó gbé ẹ̀wà wá fún ọmọ, mo dà á fún ewúrẹ́. Ẹ ní ká gbààwẹ̀, a gbà á. Ẹ ní kí ọmọ náà gbà á. Ọmọ ọdún méje! Ẹ da òróró sí i lọ́wọ́ títí bíìkì tí kò lè dì mú tẹ́lẹ̀ fi ń yọ̀ bọ́ ju ti àná lọ. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Kò pa èmi lẹ́rìn-ín o.

Lẹ́yìn Nọẹ́lì, ọdún ìbí Jésù, ni olùkọ́ obìnrin tuntun dé láti Pobẹ̀, mẹtirẹ́ẹ̀sì kékeré kan báyìí tí mo lè bí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n mú kàyé jáde! Ó kó àwọn ọmọ lọ sábẹ́ igi. Ó na okùn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa rìn lórí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó to táyà àlòkù, ó ní kí wọ́n máa fò ó. Wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù àkísà síra wọn, wọ́n ń yin àgbàdo, wọ́n ń fi amọ̀ mọ nǹkan, wọ́n ń ru igbá omi. Nígbà tí mo gbọ́, orí mi gbóná. Mo fi gàrí sílẹ̀ lórí iná, ó di ilé-ìwé. Mo ní, "Mẹtirẹ́ẹ̀sì, ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé kò sí àgbàdo nílé wa ni? Ìwé la rán ọmọ wá kà!"

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Àbẹ̀ní fẹsẹ̀ kọ táyà, ó ṣubú. Mo sáré. Mẹtirẹ́ẹ̀sì na ọwọ́ dá mi dúró.

"Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ tí kò gbé nǹkan kan rí, báwo ló ṣe máa gbé bíìkì? Ẹ jẹ́ kó dìde fúnra ẹ̀."

Èmi? Kí n fi í sílẹ̀? Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé ọmọ mi, mo fi ọ̀já dì í mọ́ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, mo gbé e wá síbí. Mo ní kí ẹ bá mi gbàdúrà kí Ọlọ́run ká mẹtirẹ́ẹ̀sì náà kúrò ní Kétu. Ẹ sì ṣe àmín! Àmín yín mi páànù òkè yìí.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sílé lọ́sàn-án, mò ń fi àkàsà sí Àbẹ̀ní lẹ́nu, mo sì ń gbàdúrà lọ: "Olúwa, fi ẹni tó di ọmọ mi lọ́wọ́ hàn mí. Kí n fi ojú mi méjèèjì rí i." Àbẹ̀ní na ọwọ́ sí àkàsà náà. Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ mi dúró sókè. Mo wò ó. Mo wo ọ̀já tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò rí obìnrin dúdú kankan. Kòkòrò wà nídìí ẹ̀fọ́ lóòótọ́, èmi ni. Ọlọ́run dá mi lóhùn kíákíá, ìdáhùn náà sì korò. Inú bí mi sí ara mi débi pé mo bú sẹ́kún.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Tàǹtí Rébékà. Mo lọ bá mẹtirẹ́ẹ̀sì, mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó gbá mi mú. Ó ní kí n máa fún Àbẹ̀ní níṣẹ́ nílé: kó máa de bọ́tìnnì ara ẹ̀, kó máa bá mi jọ gàrí, kó máa fi igbá kékeré pọn omi. Igbá méjì ló fọ́. Ó da omi sínú iná gàrí mi. Àwọn kan nínú yín ń kọjá, ẹ ní mo ti ń fi ọmọ ṣe ẹrú. Mo gbọ́ yín o! Bó bá ṣubú, màá ká ọwọ́ mi mọ́ra, màá jẹ́ kó dìde. Ẹ rò pé ó rọrùn? Nínú gbogbo ààwẹ̀ tí ẹ ti ní kí n gbà, kò sí èyí tó le tó o.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ìsinmi Àjíǹde, dìrẹ́tọ̀ pè é síwájú pátákó. Mo dúró lójú fèrèsé. Ẹfun ìkọ̀wé kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò wò mí. Ó mú èyí tó kù, ó kọ A, ó kọ B, ó kọ lẹ́tà márààrún. Ó wọ́ díẹ̀, èyí tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ kúrò lórí pátákó, àmọ́ orúkọ ọmọ mi ni! Dìrẹ́tọ̀ ní kó lọ jókòó sí àyè ẹ̀, pé kò sí ibi tó ń lọ. Halelúyà!

Ọlọ́run ò ká mẹtirẹ́ẹ̀sì kúrò o. Ó gbọ́ àmín yín, ó kọ̀ ọ́. Ògo ni fún un tó kọ̀ ọ́!

Ẹ yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Àbẹ̀ní ló ń gbé omi bọ̀ yẹn, omi tí Pásítọ̀ máa mu lónìí. Láti ìdí pọ́ǹpù ló ti rù ú. Ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ igbá náà. Ọ̀já mi ni, mo fi ká òṣùká fún un. Màmá Àdúrà, ẹ jókòó! Ẹ má bá a gbé e! Ó dà sílẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ á mu ún. Ẹ fi ọwọ́ yín pàtẹ́wọ́, ẹ gbé orin, ẹ bá mi yọ̀! Máa bọ̀, Àbẹ̀ní. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lórí ẹ. Ìwọ lo rù ú, ìwọ lo máa sọ̀ ọ́.