Omi Àdúrà Tí Olúsọjí Dà Sórí Irin

Kí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ tó wọlé sẹ́nu iṣẹ́ ní ọgbà ilé iṣẹ́ irin lọ́nà Challenge, Olúsọjí bọ́ síwájú wọn. Ó ti kọ́kọ́ lọ wá Sàídì kàn ní Ìwó Road, níbi tó ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti lé e kúrò ní ilé iṣẹ́ irin náà. Sàídì bá a wá, ó dúró ti ọ̀gá wọn, Akínsànyà. Kò tíì mọ ìdí tí wọ́n fi pe òun. "Ẹ̀yin ará," ni Olúsọjí wí, "ohun tó ti há mi lọ́fun láti èṣí, mo fẹ́ tu ú jáde. Bó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kó gbà á. Gbogbo wa la mọ̀ pé irin tí a ń fi èédú yan níbí kì í yọ́. Oníhò wínníwínní ni, bíi kànrìnkàn. Bí omi bá dà sí òkìtì rẹ̀, inú rẹ̀ á máa gbóná títí á fi gbiná. Bẹ́ẹ̀ kí ni mo ṣe? Nígbà tí ẹ̀rọ ń bàjẹ́ léraléra, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Òkè Àdó, mo kọrin, mo ní kí ibi kúrò nínú ọgbà wa, mo dà á sórí òkìtì irin tán pátá. Mo ní omi lásán ni òfin tó ní ká má da omi sí i ń bá wí, pé tèmi ti gba àdúrà."

"Bùrọ̀dá Sọjí, ẹ sun irin lórúkọ Jésù nìyẹn," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olúsọjí kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Òkìtì náà jó. Wọ́n ní Sàídì tó ń ṣọ́ ọ ló ju sìgá síbẹ̀. Ó ní, 'Bùrọ̀dá Sọjí, ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ mọ̀ pé n kì í mu sìgá.' Mo dákẹ́. Mo ní kí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì má bàjẹ́ ni. Irọ́ ni, iṣẹ́ mi ni mò ń dáàbò bò. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí ọ̀gá bi mí bóyá Sàídì ń mu sìgá, mo ní, 'Ọlọ́run ló mọ̀.' Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi lé e lọ." Ó dọ̀bálẹ̀ fún Sàídì, ẹni tí òun fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ. "Sàídì, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi àdúrà bo ohun tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n bi yín."

Akínsànyà mí kanlẹ̀. "Sọjí, máa lọ sílé ná; a ó pè ọ́. Sàídì, bó o bá ṣì fẹ́ iṣẹ́ rẹ, wá lọ́la."

Sàídì fa Olúsọjí dìde. "Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kálọ sílé wa ní Baṣọ̀run. Látìgbà náà, ìyá mi kì í jẹ́ kí n jẹun alẹ́ kí wọ́n tó gbóòórùn ẹnu mi wò bóyá mo mu sìgá. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

Olúsọjí gbọn eruku èédú kúrò láyà, ó tẹ̀lé e. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́.