Ọkọ̀ Tó Dúró sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó ni mo ti gbọ́ ohun tí obìnrin kan ń sọ fún ìyá àgbà tó jókòó tì í.

"Mama, ẹ wo fóònù mi. Tírákà inú ọkọ̀ ọkọ mi nìyí. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, á dáhùn pé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lòun wà."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Àwọn ọdẹ tọ tírákà débẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, bàtà rẹ̀ kan wà nílẹ̀. Àwọn ajínigbé ti gbé e wọgbó."

"Olúwa o! Níbo lò ń lọ báyìí?"

"Mò ń lọ sọ fún ìyá rẹ̀ ní Oǹdó."

Ìyá àgbà náà dì í lọ́wọ́ mú. "Báwo lo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ, Mama? Ọkọ̀ ń dáhùn, ọkọ ò dáhùn."