Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Húkọ́ Lọ́sàn-án

Ìjọ, ẹ bá mi hó fún Jésù! Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, mi ò gbọ́ yín o! Ọlọ́run tí kì í dójú tì mí, o ṣeun, o ṣeun, o ṣeun!

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí, Bùkọ́lá, ọmọ Fourth Avenue níbí. Ọkọ̀ òfurufú ni mo ń tún ṣe ní Ìkẹjà, àwọn kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yẹn fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀, tó bá tutù, ẹ kàn máa sítáàtì ẹ̀ ni, ó ti jí. Àmọ́ tó bá fò lọ, tó fò bọ̀, tí wọ́n pa á fún ogún ìṣẹ́jú, tí wọ́n tún ní kó dìde, yéè! Á húkọ́, á gbọ̀n, á kú. Mo tú u, mo tò ó. Mi ò rí nǹkan kan. Ó kú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́ lórí pápá. Ọ̀gá mi pè mí: "Bùkọ́lá, ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé pé ọkọ̀ yìí dáa. Tó bá tún kú, o ò ní fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ kankan mọ́ níbí."

Mo sunkún! Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ta òróró sórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Mo dárúkọ gbogbo ará ilé bàbá mi, mo ní kí Olúwa tú àṣírí ọwọ́ tó wà nídìí ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo dúró lẹ́nu géètì ilé wa, mò ń rojọ́ fún ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ lórí fóònù. Àlàájì Múfútáù tó ń gbé ní òdìkejì títì wa wà níta, wọ́n ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe fún ẹnì kan. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ wọn nìyẹn. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnnì yẹn, ṣé kábúrétọ̀ ló ní ni àbí ínjẹ́tọ̀?"

Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Àṣé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ òfurufú ni bàbá yìí ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì! Láti kékeré ni mo sì ti ń kí wọn láràárọ̀.

"Ínjẹ́tọ̀ ni, sà."

"Ìgbà wo lo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Láàárọ̀, sà, tó bá ti tutù."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀sán ni ibà ń mú ọmọ, àárọ̀ lo wá ń gbé e lọ bá dókítà. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń húkọ́ díẹ̀ tó bá gbóná, torí epo máa ń hó nínú ẹ̀. Tiyín ti pọ̀ jù. Tó bá ti balẹ̀, ṣí i pẹ̀lú gbígbóná ẹ̀. Má fọwọ́ kàn án o. Fojú wò ó, fetí sí i."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọ, mo gbọ́ tí epo ń hó nínú rọ́bà! Ooru ti mú kí rọ́bà tí epo ń gbà rọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé páìpù èéfín. Tó bá tutù, á kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Irin kékeré tó yẹ kó dì í mú lábẹ́ kò sí níbẹ̀. Ta ló yọ ọ́? Èmi! Mo yọ ọ́ nígbà tí mò ń ṣe sáfíìsì, mo gbàgbé. Ọwọ́ tí mo ní kí Olúwa tú àṣírí ẹ̀, ọwọ́ mi ni!

Mo lè dá irin yẹn padà kí n dákẹ́. Mo pe Àlàájì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí o bá dákẹ́, ṣé ìwọ gan-an á tún fọkàn tán ìwé tí o fọwọ́ sí?"

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n fa ìwé ọkọ̀ náà yọ: "Kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Tó o bá kọ ọ́ tán, fọwọ́ sí i."

Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i! Baba, o ṣeun! Mo ti dá irin yẹn padà, ọkọ̀ yẹn sì ti ń dìde lọ́sàn-án báyìí. Mo sì ti pe àwọn ará ilé bàbá mi, mo ti bẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìṣòro, ẹ má bọ́hùn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá ń gbóná lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì máa wo òdìkejì títì yín dáadáa. Àlàájì wà nítòsí ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn, wọ́n ní àwọn ò ní pẹ́ torí ìrun. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde. Ìjọ, ẹ wo ìdáhùn àdúrà mi!