Àga Tí A Kàn fún Kọmíṣọ́nnà

Nígbà tí mo ń dúró de bábà tó ń gé irun mi ní Pápá Àjàó, àwọn káfíńtà méjì jókòó tì mí, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òfin tuntun tí kọmíṣọ́nnà kan fẹ́ fi wó ṣọ́ọ̀bù gbogbo ẹgbẹ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú dé ọ́fíìsì rẹ̀. Kí lẹ sọ fún un?"

"A kí i. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa fi gírámà kí gbogbo èèyàn, títí dórí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn. A gbé àga tí a kàn fún un kalẹ̀, a ya fọ́tò."

"Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"A fẹ́ débẹ̀ ni wọ́n ní àlejò mìíràn ti dé."

"Háà! Ẹ ò sọ ọ́?"

"Ṣé èèyàn á gbé ẹ̀bùn dání, á tún máa ráhùn? Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ò jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ rí."

"Orí ẹ̀ náà ni yóò jókòó sí láti fọwọ́ sí òfin tó máa lé wa."

Àgbà náà tún un sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò: "Orí ẹ̀ náà."

"Ẹ jẹ́ ká padà lọ."

"Kí la máa gbé dání?"

"A ò ní gbé nǹkan kan. Ká ṣáà ní kó wá wo ibi tí wọ́n ti kan àga rẹ̀, kó tó wó o."

Àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ò ní bá wa lọ. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀ á ṣú."