Igbà Ọ̀rẹ́ Mi Tí Mo Gé

Ẹ̀yin tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tí adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún ni ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti wà nínú yàrá yìí, mi ò sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò pè mí. Mi ò sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Mo pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá rò pé apànìyàn ni mí láti ilẹ̀, ó ṣìnà. Olórí akọrin ìjọ ni mí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹmu ni mo sì ń dá jẹun.

Èmi àti Sámù jọ ka ìwé mẹ́fà ni, a jọ ṣe ìrìbọmi, bàbá kan náà ló sì kọ́ wa ní ẹmu dídá. Ọ̀pẹ wa sún mọ́ra lójú ọ̀nà Ọ̀rà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọ̀pẹ kò mọ ọjọ́ Ìsinmi. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lèèyàn ń gùn ún, bí ẹmu bá sì pẹ́ jù lórí rẹ̀, yóò kan. Nítorí náà ni àwa méjèèjì fi ṣèlérí níwájú Ọlọ́run pé ní ọjọ́ Ìsinmi, a kò ní gun ọ̀pẹ àfi lẹ́yìn ìsìn. Ẹmu tó bá máa kan, kó kan. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé èyí tó kan ni wọ́n fẹ́ràn.

Kì í ṣe orí ọ̀pẹ ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú. Nínú yàrá mi ni. Tẹ́lẹ̀, èmi àti Rèbékà ìyàwó mi a máa kọrin ní òwúrọ̀, a ó ka orí kan nínú Bíbélì, a ó sì kúnlẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní kí a fi orin sílẹ̀, pé orin ń bẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, orí kan di ẹsẹ mẹ́ta. Nígbẹ̀yìn, mo ti ń ka Baba Wa bí mo ṣe ń wọ ṣòkòtò. Rèbékà ń wò mí. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló ń ṣe ọkàn mi, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń pa á fún.

Ọdún tí àwọn sójà tún gba ìjọba ni oníbàárà kan wá láti Ìgbájọ. Ó ní òun ń fẹ́ ẹmu tútù láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, torí àwọn ẹbí òun ń ti ìdálẹ̀ bọ̀. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nígbà tí mo ṣe é tí ọ̀run ò ya, mo tún un ṣe. Ó di àṣà. N óò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, n óò tọ́ ẹmu wò, n óò fọ ẹsẹ̀, n óò wọ aṣọ akọrin, n óò sì gbé orin ju gbogbo wọn lọ.

Sámù, tó ń wá mi kiri fún àdúrà àwọn akọrin, bá mi nídìí ọ̀pẹ ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Kò pariwo.

“Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ti ọ̀pẹ ni mò ń sọ o,” ó ní. “Ìwọ gan-an lo ń bà mí lẹ́rù. Ò ń kọrin, ṣùgbọ́n o ò sí níbẹ̀ mọ́.”

Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àlùfáà fi pè mí síwájú àwọn àgbà ìjọ. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀: ọ̀pẹ tí mò ń gùn lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹmu tí mò ń mu kí n tó kọrin, àdúrà ilé tí mo ti pa tì. Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ akọrin fún oṣù mẹ́ta, kí n má sì sún mọ́ tábìlì Olúwa. Sámù ni wọ́n ní kó di ipò mi mú. Mo bèèrè ẹni tó sọ fún wọn. Àlùfáà ní ẹni tó fẹ́ràn mi ni.

Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, ó tà mí, ó sì gba àga mi. Ó dùn mí wọ egungun. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani: ohun tí mò ń sọ lẹ́nu láràárọ̀ nìyẹn dípò àdúrà. Ìbínú ò jẹ́ kí n bi ara mi pé báwo ni Sámù ṣe mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá mi.

Láàárín àwa adẹ́mu, ẹnìkan kì í fọwọ́ kan igbà ẹlòmíràn, ìyẹn okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Olè tó ń jí iṣu kì í jí igbà. Nítorí náà a kì í gbé e pamọ́. Ìdí ọ̀pẹ là ń fi í sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, lẹ́yìn tí Sámù ti dá ẹmu tán tó sì ti lọ sílé, mo lọ síbi tó fi tirẹ̀ sí, mo fi ọ̀bẹ gé e dé ìdajì lábẹ́ kókó rẹ̀, níbi tí ojú kò lè tó. Mo ń sọ fún ara mi pé kó kàn ṣubú, kó dá lẹ́sẹ̀, kó má lè dúró níwájú akọrin mọ́. Irọ́ ni. Mo mọ bí ọ̀pẹ yẹn ṣe ga tó.

Lọ́jọ́ kejì mo jókòó sẹ́yìn nínú ìsìn. Sámù gbé orin, ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ tó tèmi. Nígbà tí a jáde, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú.

“Oṣù mẹ́ta ò ní pẹ́ pé,” ó ní. “Mò ń bá ọ tọ́jú àga rẹ ni.”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ: má gun ọ̀pẹ lónìí. Ó dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Sámù lọ sílé, ó bọ́ aṣọ akọrin, ó gba oko lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti bá òkú rẹ̀ nídìí ọ̀pẹ.

Mo bá wọn gbé òkú, mo bá wọn sunkún. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà adẹ́mu yẹ igbà náà wò, wọ́n rí ojú ọ̀bẹ. Rèbékà sì ti rí mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta pé mo ti ìdí ọ̀pẹ Sámù bọ̀. Òun ló sọ fún ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n mú mi, mo jẹ́wọ́.

Rèbékà wá wò mí lẹ́wọ̀n lẹ́yìn ìdájọ́.

“Bàbá Dèbórà,” ó ní, “èmi ni mo sọ fún àlùfáà. Sámù ò sọ nǹkan kan. Àwọn àgbà ìjọ fẹ́ yọ yín pátápátá; òun ló dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n tó fi di oṣù mẹ́ta.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá bá èmi fúnra mi sọ ọ́.

“Mo bá yín sọ ọ́. Ẹ ní kí n fi yín sílẹ̀.”

Kí n má purọ́, inú bí mi. Ìyàwó tí mo fẹ́ tà mí lẹ́ẹ̀mejì, lọ́dọ̀ àlùfáà àti lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Mo kẹ̀yìn sí i títí tó fi lọ. Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbà pé kò sẹ́ni tó tà mí tó èmi alára. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní sọ pé kí ẹ má pànìyàn. Kò sẹ́ni tó ń gbèrò rẹ̀ nínú yín. Èmi náà ò gbèrò rẹ̀ rí. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé bí àdúrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sú yín, tí ẹ wá ń kánjú dìde níwájú Ọlọ́run, ẹ má pè é ní àárẹ̀. Ẹ sọ fún ẹnìkan lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹlòmíràn bá sì ti rí i lára yín kí ẹ tó sọ, ẹ má ṣe wá ọ̀dàlẹ̀ kiri. Ẹni méjì péré ló rí i pé mò ń ṣègbé, tí wọ́n là á mọ́lẹ̀ fún mi. Mo ti pa ọ̀kan. Èkejì ni ikú mi yóò sọ di opó.